Wọ́n Gé Ọ̀rọ̀ Gómìnà Olómi Sí Méjì

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ wa ní Accra, ẹ rán akọ̀wé yín sí mi pé kí n wá sọ bí mo ṣe fi iṣẹ́ púlọ́mbà jẹun láti ìgbà èwe títí mo fi fẹ̀yìn tì, kí ẹ lè mọ̀ bóyá iṣẹ́ ọwọ́ ṣì ṣeé kọ́ láyé òde òní. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n tètè sọ fún yín pé inú ń bí mi. Láti ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá ni inú ti ń bí mi. Bí ẹ bá rí i tí ìtàn iṣẹ́ mi ń yà lọ sínú ìṣèlú, kì í ṣe pé arúgbó ń ṣìnà. Ọ̀nà kan náà ni.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé a kírun Jímọ̀ tán, a jókòó síwájú ilé Alhaji Sàká ní Cow Lane, bí a ti máa ń ṣe. Ọ̀rẹ́ mi ni Sàká. Iléèwé kéú kan náà la jọ lọ ní àdúgbò yẹn, pàṣán kan náà ló nà wá. Aṣọ ló ń tà ní ọjà Makola títí dòní. Ó yọ fóònù rẹ̀ lápò, ó ní, "Ẹ wá gbọ́ olóṣèlú yín."

Ohùn kan jáde, mo sì mọ ohùn náà kó tó sọ ọ̀rọ̀ kejì. Ohùn gómìnà wa àtijọ́ ni, ẹni tó ń díje báyìí láti di ààrẹ Nàìjíríà. Ó ní, "Ẹ̀bi mi ni. Èmi ni mo pa wọ́n." Ohùn náà gé síbẹ̀. Ẹlòmíràn wá bọ́ sí i, ó ń pariwo bí ẹni tí wọ́n jà lólè: "Ẹ gbọ́ o! Ó fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́! Apànìyàn ló fẹ́ ṣe ààrẹ lé wa lórí!"

Gbogbo àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì ní, "Subuhanalláhì!"

Mo ní, "Sàká, ìyókù rẹ̀ dà?"

"Ìyókù kí ni?"

"Ìyókù ọ̀rọ̀ tó sọ lọ́jọ́ náà."

Ó wò mí. "Mùráínà, bí èèyàn bá ti ní òun pààyàn, kí ló tún ṣẹ́ kù tí yóò sọ?"

Mo dìde láìdágbére. Mo wọ ọkọ̀ tirótiró lọ sílé mi ní Dansoman, ìyàwó mi gbé wàákyé, ìrẹsì àti ẹ̀wà, síwájú mi, mo kàn ń wò ó ni. Torí mo wà níbẹ̀. Ibi iṣẹ́ tí àwọn èèyàn yẹn kú sí, èmi ni fọ́mánì ibẹ̀. A-gbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Àwọn tó wá gé ẹjọ́ náà sí méjì kí ẹ má baà gbọ́ ìdajì rẹ̀, kí ni ká wá pè wọ́n?

Mi ò ní dárúkọ ọkùnrin náà, ẹ kúkú mọ̀ ọ́n. Gómìnà Olómi ni àwa tí a ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ máa ń pè é. Ẹ jẹ́ kí n ti ìbẹ̀rẹ̀ wá, kí ẹ lè mọ irú ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀.

Cow Lane ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi ń ta ìṣó, àgádágodo àti irinṣẹ́ wẹ́wẹ́ lórí tábìlì kan. Ó fẹ́ kí n jogún tábìlì náà. Ṣùgbọ́n bàbá Gã kan, ọmọ onílẹ̀ Accra, wà tó máa ń wá ra nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, púlọ́mbà, Ataa Kwei lorúkọ rẹ̀. "Ataa" ni àwọn Gã ń pe bàbá. Lọ́jọ́ kan ó bá mi níbi tí mo ti ń tú àgádágodo tó bàjẹ́ palẹ̀ tí mo sì ń tò ó padà. Ó ní kí bàbá mi fún òun ní ọmọ Àláàtà yìí, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá. Bàbá mi gbà. Bí mo ṣe dé ẹnu iṣẹ́ nìyẹn.

Ataa Kwei le. Kì í lù wá bí àwọn ọ̀gá mìíràn, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ń ta ju ẹgba lọ. Ọdún àkọ́kọ́ mi lọ́dọ̀ rẹ̀, mi ò fọwọ́ kan omi. Páìpù ni mo ń rù, ẹnu páìpù ni mo ń fi epo nù. Irin ni páìpù ayé ìgbà náà. Bí ẹ bá fẹ́ so méjì pọ̀, ẹ ó kọ́kọ́ fi irin há ọ̀kan mọ́lẹ̀, ẹ ó máa fọwọ́ yí ẹ̀rọ tó ń gé eyín sí i lẹ́nu, ẹ ó máa kán epo sí i, títí èjìká yín yóò fi fẹ́ yẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ ó wé òwú mọ́ eyín náà, ẹ ó fi ọ̀dà pa á. Bí ẹ bá wé òwú náà sódì, omi yóò jáde, Ataa Kwei yóò sì béèrè lọ́wọ́ yín níwájú onílé bóyá ọwọ́ yín ni ẹ fi wé e àbí ẹsẹ̀.

Àwọn páìpù ńlá tí ìjọba ń rì mọ́lẹ̀, òjé la fi ń so wọ́n. A ó yọ́ òjé lórí iná, a ó dà á sójú ibi tí páìpù méjì ti pàdé. Bí omi díẹ̀ bá ṣẹ́ kù síbẹ̀, òjé gbígbóná yẹn yóò fò padà sí yín lójú. Àpá ọwọ́ òsì mi nìyí, ẹ wò ó. Mo rò pé mo ti nù ún gbẹ. Ataa Kwei fi omi tútù sí i fún mi, ó ní, "Omi ò mọ ọmọ ẹni tí ìwọ í ṣe."

Èyí tí mi ò lè gbàgbé ṣẹlẹ̀ ní Dansoman, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ àwọn ilé ibẹ̀. Ataa Kwei fi balùwẹ̀ odidi ilé kan lé mi lọ́wọ́. Mo ṣe é tán, inú onílé dùn. Ọ̀gá mi dé, ó fi abala ìwé ìròyìn sábẹ́ oríkèé páìpù kan, ó jókòó. A jẹ kẹ́ńkẹ́ tán, ó padà lọ wo ìwé náà. Ojú kan péré ló tutù lára rẹ̀, kò tó àtàńpàkò. Ó mú ayùn, ó gé gbogbo páìpù tí mo so kúrò.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. "Másítà, ẹ̀kán kan ṣoṣo ni o."

"Ẹ̀kán kan lónìí. Bí wọ́n bá ti wá lẹ táìsì mọ́ ògiri, ta ni yóò rí i?"

Onílé gbọ́ ariwo, ó jáde wá, ó ń béèrè ẹni tó ba iṣẹ́ òun jẹ́. Mo ti ń múra sílẹ̀ fún èébú. Ataa Kwei dìde, ó ní, "Èmi ni. Màá tún un ṣe." Kò wo ọ̀dọ̀ mi. Onílé sọ ọ̀rọ̀ sí i bí ẹni sọ̀rọ̀ sí ajá, ọkùnrin àgbà yẹn dúró, ó gbà á. Nígbà tí ọkùnrin náà wọlé, mo ní, "Másítà, kí ló dé tí ẹ ò sọ pé èmi ni?"

Ó ní, "Ta ló kọ́ ọ níṣẹ́?"

Ẹ má gbàgbé èyí, ẹ̀yin ọ̀dọ́. A ó nílò rẹ̀ láìpẹ́.

Nígbà tí nǹkan wá le koko ní Ghana, mo kọjá sí ìlú bàbá mi ní Nàìjíríà, ìlú tí mi ò tíì fojú rí rí. Wọ́n gbà mí sí iléeṣẹ́ omi ìpínlẹ̀ náà. Mo ṣiṣẹ́ níbẹ̀ títí irun mi fi funfun, mo bẹ̀rẹ̀ láti orí òṣìṣẹ́ tó ń gbẹ́ kòtò, mo sì dé ipò fọ́mánì kí n tó kúrò níbẹ̀. Páìpù onírin kúrò lóde, páìpù oníke dé, gọ́ọ̀mù la fi ń lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Lónìí wọ́n ń fi irin iná mànàmáná yọ́ ọ lẹ́nu, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́ra, ó parí. Ohun tó ń gba odidi ọjọ́ kan lọ́wọ́ Ataa Kwei, ọmọbìnrin kan ṣe é lójú mi ní Dansoman lóṣù tó kọjá kí n tó mu tíì mi tán, iṣẹ́ náà sì mọ́. Mi ò bú ayé òde òní. Ẹ kọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n irinṣẹ́ kọ́ ni ìṣòro wa nígbà náà. Omi ni kò sí! Gómìnà kan á wọlé, á já ríbọ́ǹnù nídìí ẹ̀rọ kan, omi á yọ lọ́jọ́ náà fún àwọn oníròyìn, ó di àbọ̀. Àwọn obìnrin ń lọ pọn omi ní odò tí màlúù ń mu. "Òṣìṣẹ́ afẹ́fẹ́" ni wọ́n ń pè wá ládùúgbò, torí bí a bá ṣí ẹ̀rọ, afẹ́fẹ́ ló ń fọn jáde. Mo jẹ èébú yẹn fún ọdún púpọ̀.

Ọkùnrin tí mo ń wí yìí wá wọlé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ọkọ̀ kan ṣoṣo wọ ọgbà wa, kò sí fèrè, kò sí ọlọ́pàá lórí alùpùpù. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó wọ yàrá ẹ̀rọ, ó bá wa níbi tí a ti ń jẹun.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Kí ló ń dà yín láàmú níbí?"

Lásísì ló dáhùn. Lásísì ni ọwọ́ ọ̀tún mi lẹ́nu iṣẹ́, ẹni pẹ̀lẹ́ ni, ṣùgbọ́n kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ọ̀rọ̀ mì. Ó ní, "Ẹ̀yin ni, sà."

Àwọn tó tẹ̀lé Gómìnà fojú jó o. Gómìnà ní, "Èmi báwo?"

"Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan, sà. Gbogbo ẹni tó bá ti jókòó síbi tí ẹ jókòó sí. Ẹ ó wá, ẹ ó ya fọ́tò, ẹ ó lọ."

Ọkùnrin yẹn wá agolo ọ̀dà kan, ó yí ojú rẹ̀ dé, ó jókòó lé e. Ó ní, "Ẹ máa sọ ọ́ lọ." Oòrùn kan àtàrí kó tó dìde níbẹ̀. Ẹni yẹn ni wọ́n ń sọ lórí fóònù pé agbéraga ni! Agbéraga tó jókòó sórí agolo ọ̀dà!

Kò ya fọ́tò. Ó ṣe é. Ẹ̀rọ tuntun dé, a hú páìpù tó ti jẹrà, a ri òmíràn mọ́lẹ̀. Ilé ìwòsàn ìjọba tí àwọn aboyún máa ń gbé kẹ́ẹ̀gì omi lọ bí wọ́n bá fẹ́ bímọ, omi dé ibẹ̀. Nígbà tí páìpù dé ojú ọgbà alága ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀, alága ní kí a yà á gba inú ilé àwọn tálákà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Gómìnà ní kí a gba inú ọgbà. Èmi ni mo fi òòlù wó odi náà.

Mi ò wá sọ pé máláíkà ni. Ẹni tó bá ń gbèjà ènìyàn tó ní kò ní àléébù, òpùrọ́ ni òun náà. Ó ń tètè bínú. Àwọn abúlé tó wà lápá òkè, ó ṣèlérí omi fún wọn, kò dé ọ̀dọ̀ wọn títí ó fi lọ. Àwọn ọlọ́jà tí a wó iwájú ṣọ́ọ̀bù wọn nítorí páìpù, àkókò tó fún wọn láti kó ẹrù kúrò kéré, ó sì yẹ kó lọ bá wọn sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù bàbá Sàká, tó ti padà sílé láti Accra, wà nínú wọn. Mo sọ nígbà náà pé kò dára, mo tún ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ bú u lórí ohun tó ṣe. Ẹ má gbé òkú tí kò pa lé e lọ́rùn.

Ọ̀rọ̀ òkú náà ni mo ń bọ̀ wá sọ báyìí.

A ń parí páìpù ńlá tó ti orí òkè wá sínú ìlú. Táǹkì ńlá wà lórí òkè. Ní ẹsẹ̀ òkè náà, àdúgbò kan wà tó jẹ́ pé ilé alámọ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Láàárín méjèèjì, páìpù náà yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Níbi tí páìpù ńlá bá ti yà, a máa ń da kọnkéré ńlá tì í lẹ́yìn kí agbára omi má baà tì í kúrò láàyè rẹ̀. A ti dà á, ṣùgbọ́n kò tíì gbẹ dénú. Ẹnjiníà wa ti pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí omi sí i títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Gómìnà ń bọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà wá wo táǹkì. Wíwò lásán ni. Ṣùgbọ́n láàárọ̀, kọmíṣọ́nà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ omi gun òkè wá pẹ̀lú àwọn oníròyìn.

Ó ní, "Fọ́mánì, mo fẹ́ kí omi ti máa yọ ní ọjà kí Ọlọ́lá tó dé."

"Kò tíì yá, sà. Kọnkéré kò tíì gbẹ. Ẹnjiníà ní…"

"Abẹ́ mi ni Ẹnjiníà ti ń ṣiṣẹ́."

"Omi kò ṣiṣẹ́ lábẹ́ yín, sà."

Ó ní kí n kúrò níwájú òun, pé n kò ní iṣẹ́ mọ́. Ẹnjiníà wà ní ọjà nísàlẹ̀, fóònù kò sì gbà lórí òkè náà. Mo sọ fún Lásísì pé kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan fáàfù tí a fi ń ṣí omi, mo gun ọ̀kadà, mo ní kí ọlọ́kadà sáré gbé mi lọ bá Ẹnjiníà. A ò tíì dé ọjà tí mo fi gbọ́ ìró kan lẹ́yìn mi. Kò dún bí ìbọn. Ó dún bí ìgbà tí igi ńlá bá ń ya, tí kò yára ya tán.

Àwọn tó kù lórí òkè ló sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi. Kọmíṣọ́nà bi Lásísì pé ọmọ mélòó ló bí. Lásísì ní mẹ́rin. Ó ní, "Ṣé o fẹ́ kí wọ́n jẹun lóṣù tó ń bọ̀?" Lásísì ṣí fáàfù. Kò pẹ́ tó rí i tí ilẹ̀ ń rọ̀ níbi tí páìpù ti yà. Kò dúró wo kọmíṣọ́nà mọ́. Ó sáré sọ̀ kalẹ̀ òkè, ó ń kígbe, "Ẹ jáde! Ẹ jáde nílé!" Ọ̀pọ̀ èèyàn jáde. Ìyá àgbà kan kò lè dìde, ọmọ-ọmọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Lásísì wọlé lọ gbé wọn. Omi dé, ògiri wó lu àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Èmi ni mo dá Lásísì mọ̀ nígbà tí wọ́n hú u jáde. Ẹ jẹ́ kí n má sọ bí mo ṣe dá a mọ̀.

Gómìnà kò dúró di ọ̀sán. Ó dé bá wa nínú ẹrẹ̀. Inú àwọn ará àdúgbò ń ru, wọ́n ń sọ òkò, ọ̀kan bà á léjìká. Àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ fẹ́ gbé e sínú ọkọ̀, ó já ara rẹ̀ gbà. Kọmíṣọ́nà nàka sí mi níwájú gbogbo èèyàn, ó ní èmi àti àwọn ọmọ iṣẹ́ mi la ṣí omi láìgbàṣẹ. Ọlọ́pàá mú mi lọ pẹ̀lú ẹrẹ̀ tó wà lára mi.

Nírọ̀lẹ́ wọ́n mú mi wá sí ọ́fíìsì iléeṣẹ́ omi. Gómìnà jókòó, Kọmíṣọ́nà jókòó, Ẹnjiníà dúró.

"Fọ́mánì, ta ló ní kí wọ́n ṣí i?"

Mo wo Kọmíṣọ́nà.

"Ẹ má wò ó. Èmi ni mo bi yín."

Mo sọ ọ́. Ẹnjiníà sọ àṣẹ tí òun pa. Kọmíṣọ́nà pariwo pé irọ́ ni. Gómìnà pe àwọn tó wà lórí òkè wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ohun kan náà ni gbogbo wọn sọ. Ó wá yíjú sí ọkùnrin náà, ó ní, "Kí ló dé?"

Kọmíṣọ́nà ní, "Ọlọ́lá, mo fẹ́ kí inú yín dùn ni."

Gómìnà ní, "Inú mi." Ó tún un sọ: "Inú mi."

Kọmíṣọ́nà yìí kì í ṣe ẹni kékeré. Òun ló ń gbọ́ bùkátà ẹgbẹ́ òṣèlú wọn, àwọn àgbààgbà ẹgbẹ́ sì ti dé ilé ìjọba kí ilẹ̀ tó mọ́ láti bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹjọ́ náà dúró lórí àwa òṣìṣẹ́. Ó rọrùn jù. Lásísì ti kú, òkú kì í rojọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì Gómìnà sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Gbogbo wa jókòó yí i ká ní ọgbà iléeṣẹ́ omi. Ẹ gbọ́ ohun tó sọ, kì í ṣe ìdajì rẹ̀:

"Ẹ̀bi mi ni. Èmi ni mo pa wọ́n, torí èmi ni mo fi ẹni tí kò ka ẹ̀mí èèyàn sí sípò àṣẹ. Mo ti yọ ọ́, yóò sì lọ sílé ẹjọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ní kí wọ́n má ṣí omi náà. Èyí tó kú lára wọn, ẹ̀mí àwọn ẹlòmíràn ló ń gbà là nígbà tó kú. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bú ìyàwó àti ọmọ rẹ̀."

Gbólóhùn méjì àkọ́kọ́ yẹn ni wọ́n mú, ẹ̀yin èèyàn mi! Wọ́n gé "torí" dànù. Wọ́n sọ gbogbo ìyókù nù bí ẹni da omi ìfọṣọ nù, wọ́n wá ń pè é ní ìjẹ́wọ́. Ọkùnrin kan gbé ẹrù tí ì bá rọra gbé ka orí òkú òtòṣì, wọ́n wá ń fi ẹrù náà lù ú. Nígbà tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lórí rédíò, Ataa Kwei ni mo rántí, níwájú onílé yẹn. Mo ti wà lábẹ́ ọ̀gá púpọ̀ láyé mi. Méjì péré ni mo rí tó sọ pé "èmi ni."

Ó ní kí n mú òun lọ sílé Lásísì. Ìyàwó Lásísì, Ìyá Bàsírà, kò jẹ́ kó jókòó. Ó ní, "Ẹ jáde nílé mi." Gómìnà jáde. Lọ́sẹ̀ kejì ó tún ní kí n mú òun lọ. Obìnrin náà kò lé e jáde, ṣùgbọ́n kò dá a lóhùn. Gómìnà jókòó sórí ẹní, ó kí àwọn ọmọ, ó lọ. Ìgbà kẹta tí a lọ, a ti tún páìpù ṣe, omi ti ń yọ ní ẹ̀rọ tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé náà. Ìyá Bàsírà dìde, ó mú ife, ó lọ bù ú kún lẹ́nu ẹ̀rọ náà, ó gbé e fún un.

Gómìnà gba ife náà. Ó wò ó. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbé e dé ẹnu.

Obìnrin náà ní, "Ẹ mu ún. Ó ti ná wa ní ohun tó pọ̀."

Ó mu ún tán. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀ bó ṣe ń mu ún. Kò sí oníròyìn níbẹ̀, kò sí fọ́tò. Èmi àti awakọ̀ rẹ̀ nìkan la wà níbẹ̀, awakọ̀ náà sì ti ṣíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ẹ mọ ohun tí ọ̀rọ̀ rédíò yẹn dá sí i lára? Kọmíṣọ́nà kó èèyàn àti agbára rẹ̀ lọ sí ẹgbẹ́ kejì. Ẹjọ́ rẹ̀ há sílé ẹjọ́ títí a fi gbàgbé rẹ̀. Nígbà ìbò tó tẹ̀lé e, wọ́n gba ipò lọ́wọ́ Gómìnà. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Àwọn tó sì ń pín ohùn yẹn kiri báyìí, mi ò lè sọ pé mo mọ ẹni tó rán wọn. Mo kàn ń bi yín ni: ta ló ní téèpù ọ̀rọ̀ náà lódindi, tó mọ ibi tó yẹ kó gé?

Mo fẹ̀yìn tì, mo padà sí Accra torí ibí ni àwọn ọmọ mi wà. Mi ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ọkùnrin náà, kò sì mọ̀ bóyá mo ṣì wà láyé. Mi ò tilẹ̀ lè dìbò láti ibí. Ẹnu nìkan ni mo ní.

Ẹnu náà ni mo gbé padà lọ sí Cow Lane lọ́jọ́ Sátidé. Mo bá Sàká níwájú ilé rẹ̀. Mo sọ gbogbo ohun tí mo sọ fún yín yìí fún un, àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì sì ń gbọ́. Mo rò pé yóò bẹ̀ mí. Kò bẹ̀ mí.

Ó ní, "Wọ́n wó ṣọ́ọ̀bù bàbá mi."

"Mo mọ̀."

"Bàbá mi kò lò ju ọdún kan lọ láyé lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí wọ́n wó o, ta ló wá jókòó sórí ẹní tiwa?"

Mo ní, "Kò sẹ́ni tó wá. Ó yẹ kó wá."

"Ó dáa bí ìwọ náà ṣe sọ ọ́."

Mo ní, "Ṣùgbọ́n Sàká, ṣé ìyẹn ló wà nínú ohùn tí ò ń pín kiri? Sọ ti ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ fún gbogbo ayé, màá jẹ́rìí sí i. Kí ló dé tí o fi ń fi òkú Lásísì ṣe ẹlẹ́rìí?"

Ó ní, "Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé òótọ́ lò ń sọ? Ìwọ náà, ẹ̀yìn rẹ̀ lo wà."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé eegun. Mo yọ fóònù mi, mo pe Ìyá Bàsírà ní Nàìjíríà, mo jẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde sí gbangba. A kí ara wa. Mo bi í bóyá ó ti gbọ́ ohun tí wọ́n ń gbé kiri.

Ó ní, "Fọ́mánì, mo ti gbọ́ ọ. Àwọn kan tilẹ̀ gbé kámẹ́rà wá síbí. Wọ́n ní kí n sọ pé Gómìnà ló pa ọkọ mi."

"Kí lẹ wá sọ fún wọn?"

"Mo ní ẹni tó pa ọkọ mi kò tíì wá kí mi rí. Ẹni tó ń wá kí mi ni wọ́n ní kí n pè ní apànìyàn. Mo ní kí wọ́n gbé kámẹ́rà wọn jáde. Fọ́mánì, ẹ̀yin náà, bí ẹ bá ń gbèjà rẹ̀, ẹ má fi orúkọ Lásísì polówó ìbò. Ẹ jẹ́ kó sinmi."

Mo ní mo gbọ́. Ojú tì mí díẹ̀.

Sàká na ọwọ́, ó gba fóònù náà lọ́wọ́ mi. "Ìyá Bàsírà, ẹ kú àtijọ́. Sàká ni orúkọ mi, èmi náà wà lára àwọn tó fi ohùn yẹn ránṣẹ́. Mo fi ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹ jọ̀ọ́."

Obìnrin náà ní, "Ẹ pe gbogbo wọn padà."

Ohun tó sọ fún un nìyẹn, ó sì pa fóònù.

Sàká wá awò ojú rẹ̀, ó fi sójú. Ó mú fóònù tirẹ̀, ó pe ẹni àkọ́kọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ní Nàìjíríà. Bí a ṣe gbọ́ ọ lórí bẹ́ǹṣì nìyí: "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Bùọ̀dá. Ohùn tí mo fi ránṣẹ́ sí yín lánàá, wọ́n gé e ni. Rárá o, mi ò fẹ́ràn ọkùnrin náà, mi ò sì ní kí ẹ dìbò fún un. Mo ní kò pa wọ́n." Ó pa á, ó pe ẹlòmíràn. Nígbà tí wọ́n pe ìrun àsárì, ó ṣì ń pè.